Ẹ̀gbọ́n mi bi ẹ̀jẹ̀, ẹbí ní májèlé ni, dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni

ỌmọOwé · Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 41, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe ní Kàbà. Láti bí oṣù márùn-ún ni ikùn rẹ̀ ti ń yọ síwájú. A kọ́kọ́ rò pé ó ń sanra ni, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ ń pè é ní alága. Àṣé apá rẹ̀ ń tín-ín-rín, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ síta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé tó bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ojú ibi tí rọ́bà rẹ̀ dé á jìn wọnú bí ibi tí wọ́n fi okùn so. Ìtọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí kò ní mílíìkì. Ó ní ibà ni, oògùn ibà ló sì ń rà mu.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní inú ń rìn òun. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ti tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo gbé báàfù sí i lẹ́nu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ìdajì, àwọn kan ti dì nínú rẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ màlúù. Ilé-ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ fà á ní omi, wọ́n ní ká máa gbé e lọ Lọ́kọ́ja lóru ọjọ́ náà. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ páìǹtì mẹ́ta sí i lára. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́, pé kòkòrò hepatitis B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ló fà á, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà lára rẹ̀ láti kékeré.

Àbúrò bàbá wa, tí àwa náà ń pè ní bàbá wa, ò gbà. Wọ́n ní níbi ìsìnkú kan lóṣù kẹta, ẹnì kan gbé ẹmu fún un, ìgbà náà ni ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n ti rí bàbá kan lápá Bùnú tó ń fa májèlé jáde, wọ́n sì fẹ́ ká gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́la. Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ ẹbí ò ju 180,000 náírà lọ, kò lè tó ibi méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pa ẹ̀dọ̀? Ṣé ó ní ìtọ́jú?

Nọ́ọ̀sìYàgbà · Ọjọ́ Àìkú, 9:52 alẹ́

Òkun, àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn síwájú ná. Ẹni tó bi ẹ̀jẹ̀ báyìí lè tún bi òmíràn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Bùnú, kò sí ẹni tó máa fún un ní ẹ̀jẹ̀.

Ọdún 19 ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti rí irú ẹ̀gbọ́n yín ju iye tí mo lè kà lọ. Ẹ bá mi ka èyí fún bàbá yín.

Ẹ̀dọ̀ wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Ohun tí a bá jẹ tàbí tí a bá mu, tí ìfun bá ti fà á sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń gbà kọjá kó tó dé ibikíbi. Òun ló ń yọ oró inú rẹ̀ kúrò. Òun náà ló ń ṣe èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́, àti albumin tó ń di omi mú nínú iṣan kó má baà jò síta. Fún ìdí èyí, bó bá kọṣẹ́, gbogbo ara ló ń sọ ọ́: ojú á pọ́n rúsúrúsú, ìtọ̀ á dúdú, omi á jò sínú ikùn àti ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní tètè dá. Bí oró bá wá gun orí, onítọ̀hún á máa sọ ìsọkúsọ.

Kòkòrò hepatitis B kì í pariwo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dá ọgbẹ́ sí ẹ̀dọ̀. Ọgbẹ́ yẹn á jinná, á di àpá, òmíràn á tún dá. Ibi tó bá ti di àpá ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó lè gba 20 ọdún, ó lè gba 30, láìsí ìrora kankan, torí pé ẹ̀dọ̀ lè fara da nǹkan púpọ̀, èyí tó kù á máa ṣe iṣẹ́ èyí tó ti kú. Ọjọ́ tí èyí tó kù ò bá tó mọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi ń rò pé nǹkan òjijì ni.

Ẹ̀jẹ̀ tó bì ńkọ́? Gbogbo wa la mọ ọ̀nà Ọbajana sí Kàbà. Bí tírélà bá ṣubú dí i, àwọn ọkọ̀ á yà sínú igbó, wọ́n á máa gba ọ̀nà oko tí kò sẹ́ni tó ṣe é fún ọkọ̀ ńlá, títí ọ̀nà náà á fi ya. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀dọ̀ tó ti le gbagidi ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun kọjá mọ́. Ẹ̀jẹ̀ yẹn á wá ọ̀nà mìíràn, á gba àwọn iṣan kéékèèké tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn iṣan náà á wú bí aran, lọ́jọ́ kan ọ̀kan nínú wọn á bẹ́.

Ẹni tó gbé ẹmu fún un níbi ìsìnkú ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

ÌyáÌbejìMọ̀pà · Ọjọ́ Àìkú, 10:20 alẹ́

Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn. Sístà nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè. Ṣé kò wá sí májèlé tó lè pa ẹ̀dọ̀ ni? Torí ohun tí bàbá yẹn máa sọ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sìYàgbà · Ọjọ́ Àìkú, 10:41 alẹ́

Ó wà, mà. Oríṣi olú inú igbó kan wà tó ń pa á. Parasitamọ́ọ̀lù tí gbogbo wa ní nílé náà lè pa á tó bá pọ̀ jù. Onímílígíráàmù 500, àgbàlagbà ò gbọdọ̀ lò ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó bá gbé sáṣẹ́ẹ̀tì méjì mì lẹ́ẹ̀kan lè má ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kẹta ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Ó ní oògùn tó ń pa oró rẹ̀, N-acetylcysteine ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń dára jù bó bá wọlé kí wákàtí 8 tó pé. Ẹ má dúró kí ojú ó tó pọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tí oró pa lójijì, ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í rí bíi ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti di àpá. ỌmọOwé, ẹ wo ìwé skáànù rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀dọ̀ ti sún kì, tó sì ní kókó-kókó lójú, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dé bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹmu oṣù kẹta tó lè ṣe ìyẹn.

ỌmọOwé · Ọjọ́ Àìkú, 11:03 alẹ́

Mo ti wò ó. Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn gan-an. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ọbajana yẹn sétí bàbá wa lórí fóònù. Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n kàn ní ká jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Àgbẹ̀Ẹ̀gbẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Mo ti lé ní 70 ọdún. Èmi ò sọ pé kí wọ́n gbé ọmọ náà kúrò ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ewé wa ò wúlò. Ibà pọ́njú ṣe èmi náà ní kékeré, ojú mi pọ́n bí epo. Bàbá mi já ewé, wọ́n sè é, mo mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì gbádùn. Ta ló máa sọ fún mi pé irọ́ ni?

Nọ́ọ̀sìYàgbà · Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Òkun, bàbá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá sí i. Kò sí irọ́ níbẹ̀, òótọ́ ni ara yín yá. Ibà pọ́njú ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àìsàn kan ṣoṣo, àmì ni. Oríṣi jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ kan wà tó ń bá omi àti oúnjẹ ìdọ̀tí wọlé, hepatitis A. Ọmọdé ló sábà ń mú níbi tí omi ò ti mọ́. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í sì í padà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ṣe yín, bàbá. Ẹni tó mu ewé á yá, ẹni tí ò mu ún náà á yá.

B yàtọ̀ sí i. Ọmọ ọwọ́ tó bá kó o lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nínú irú wọn 10, bíi 9 ni kì í lọ lára wọn mọ́. Àgbàlagbà tó bá kó o, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ara wọn á lé e jáde.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa àgbo fún irú ọmọ yìí ni pé ẹ̀dọ̀ kan náà tó ti dá kú ló máa gbé àgbo yẹn náà kọjá. Ẹlòmíràn tún ń fi ògógóró rẹ ẹ́. Mo ti rí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ wọ́ọ̀dù fún ikùn wíwú, tó lọ sílé lọ mu àgbo fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n wá gbé padà lórí ẹ̀yìn. Mi ò tíì gbàgbé ojú ìyàwó rẹ̀.

ỌmọÌjùmú_Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi tó wà nínú rẹ̀ sọ tèmi. Ọmọ Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ni mí, Ìlọrin ni mò ń gbé. Lọ́dún 2019 ni wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti di àpá. Hepatitis B náà ni. Ikùn mi wú débi pé mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi. Mò ń mí bí ẹni tó ń gun òkè.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ gún ẹ̀gbẹ́ ikùn mi, wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn, omi sì ń kán sínú kẹ́ẹ̀gì. Lítà 6 ló jáde lọ́jọ́ náà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n po lómi jù. Wọ́n ń fa albumin sí mi lára bó ṣe ń jáde, torí bí omi tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde lásán, kíndìnrín lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àlbúmìn yẹn wọ́n o. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní spironolactone àti furosemide tó ń mú mi tọ̀, wọ́n sì ní kí n dín iyọ̀ kù. Mo rò pé iyọ̀ inú àwo nìkan ni. Ìyàwó mi ló ṣàwárí pé mágí ni, ẹja gbígbẹ oníyọ̀ ni, búrẹ́dì pàápàá ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ata, àlùbọ́sà àti efinrin se ọbẹ̀ mi. Oṣù méjì kọjá kí ẹnu mi tó gbà á.

Àwọn èèyàn ní kí n má jẹ ẹran, kí n má jẹ ẹyin, kí n má jẹ ẹ̀wà. Mo gbọ́ tiwọn, mo gbẹ bí igi ìdáná. Dókítà bínú sí mi. Ó ní ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ amúaradàgbà bí ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà dáadáa ni, kó sì tún jẹ nǹkan díẹ̀ kó tó sùn, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò lè tọ́jú oúnjẹ pamọ́ dàárọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ní aago mẹ́wàá alẹ́, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ mi ti máa ń wà nílẹ̀.

Tenofovir ni mò ń lò, hóró kan lójúmọ́. Kò lé kòkòrò náà lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀dọ̀ mi sì rí àyè mí. Ohun kan tó fẹ́ mú mi jáwọ́: oògùn yẹn wà lára èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ní HIV. Aládùúgbò mi kan rí páálí rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ àdúgbò. Ojú tì mí, mo dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú mi tún pọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. ỌmọOwé, bí wọ́n bá fún ẹ̀gbọ́n yín, kó má fi ẹnu ẹnikẹ́ni dá a dúró láé.

Ẹ tún sọ fún un kó má ra dàìkílófẹ́nákì tàbí ibuprofen fún ara ríro mọ́. Àwọn bíríkìlà fẹ́ràn rẹ̀, mo mọ̀.

ỌmọOwé · Ọjọ́rú, 5:40 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Wọ́n fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu rẹ̀ wọlé lánàá, wọ́n fi rọ́bà kéékèèké so àwọn iṣan tó wú náà, ẹ̀jẹ̀ dúró. Inú wa dùn. Bàbá wa pàápàá wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lánàá ó sun gbogbo ọ̀sán, lóru ojú rẹ̀ là kedere. Ó ń fi orúkọ ìyá wa pè mí. Ó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ń jábọ́ bí ìgbà tí ẹyẹ ń ju ìyẹ́. Bàbá wa ní, ẹ ò rí i báyìí, ayé ti dé orí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sìYàgbà · Ọjọ́rú, 5:58 àárọ̀

Ẹ jí nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù nísinsìnyí, ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbí fún un, pàápàá ti ọwọ́ tó ń jábọ́. Ẹ má dúró de dókítà àárọ̀.

Oró tí ẹ̀dọ̀ ò rí yọ ló gun ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé mì lọ́jọ́ yẹn wà nínú ìfun rẹ̀, ó ń jẹrà, òun gan-an ló ń di oró. Lactulose ni wọ́n sábà máa fún un, omi dídùn kan ni, kó lè máa yàgbẹ́ rírọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Wọ́n á tún wò ó bóyá àkóràn ti wọ inú omi ikùn rẹ̀. Bí kò bá sùn lóru, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní oògùn oorun.

ỌmọOwé · Ọjọ́bọ̀, 7:22 alẹ́

Ó ti mọ̀ mí. Ó yàgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta láti òwúrọ̀, lọ́sàn-án yìí ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, ṣé o ti jẹun?" Mo jáde lọ sí kọ́rídọ̀, mo sunkún. Bàbá wa jókòó tì í, wọ́n ń fi síbí fún un lómi ẹ̀kọ. Wọn ò tíì mẹ́nu ba Bùnú láti àná.

ÒkunLókèèrè · Ọjọ́ Ẹtì, 3:10 òru

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ỌmọOwé ni mí, Amẹ́ríkà ni mo wà. Mo gbọ́ pé wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Mo ṣe tán láti fún un ní apá kan tèmi.

Nọ́ọ̀sìYàgbà · Ọjọ́ Ẹtì, 9:00 àárọ̀

Ọlọ́run á san án fún yín. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1963 ni Thomas Starzl kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní Denver lára èèyàn, 1967 ni ó tó rí èyí tó pẹ́ láyé díẹ̀. Lónìí, ẹni tó wà láàyè lè yọ apá kan ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún èèyàn rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà láàárín oṣù mélòó kan, lára ẹni tó fún ni àti lára ẹni tó gbà á. Òun nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀yà inú ara wa. Àwọn ará ilé wa tó ṣe é, India ni púpọ̀ wọn ń lọ. Owó rẹ̀ lágbára gan-an, oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀ tuntun náà sì jẹ́ ti títí ayé. Ẹ má tíì ta ilẹ̀. Àwọn kan wà tí tenofovir tẹ kòkòrò wọn mọ́lẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ wọn gbérí débi tí wọn ò nílò pípààrọ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíi ti ará Ìjùmú tó sọ̀rọ̀ lókè yìí. Ẹ jẹ́ ká wo bí oṣù mẹ́fà ṣe máa rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò. Ohun tí mo ti ń fẹ́ sọ láti ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá ló ti kó o, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó kù ńkọ́? Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú èèyàn 100, bíi 8 ló ní hepatitis B. 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ nílẹ̀ wa, nítorí náà, púpọ̀ àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn ò gbà á. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ àti jíjẹun pọ̀ ò lè mú kí èèyàn kó o. Ẹ̀jẹ̀ ni, ìbálòpọ̀ ni, abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ mẹ́ta léraléra ni.

Kí gbogbo yín lọ ṣe àyẹ̀wò HBsAg, èyí tó ń fi hàn bóyá hepatitis B wà lára èèyàn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta: òní, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ní in, kó má bẹ̀rù, kó lọ rí dókítà kí ikùn ó tó wú.

ÌyáÌbejìMọ̀pà · Ọjọ́ Ẹtì, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Mo ti lọ ṣe tèmi lónìí. Mi ò ní in. Mo gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, apá ń ro mí díẹ̀. Ẹ ṣeun, sístà.

ỌmọOwé · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 8:30 alẹ́

Òkun o, gbogbo ẹbí mi orí ojú òpó yìí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá a sílẹ̀. Tenofovir wà níbẹ̀, lactulose wà níbẹ̀, propranolol tí wọ́n ní ó ń dín ewu pé kí àwọn iṣan yẹn tún bẹ́ kù náà wà níbẹ̀. Á máa ṣe skáànù lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, torí irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ní jẹjẹrẹ. Ikùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ kan ti ń gbà á. Lánàá mo gún iyán, mo se ẹ̀gúsí tí kò ní iyọ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní òun mọ̀ pé mo fẹ́ kí òun wà láàyè ni.

Ìyá wa ṣe àyẹ̀wò, ẹni ọdún 68. Wọ́n ní in. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá béèrè bóyá àwọn ló pa ọmọ wọn. Mo di wọ́n mú. Mo ní, Màámi, ẹ̀yin náà ò mọ̀, bóyá lọ́dọ̀ ìyá tiyín lẹ ti kó o. Àwa mẹ́fà ni wọ́n bí. Yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi, àwa mẹ́rin ti lọ: méjì ní in, méjì ò ní in. Èmi ní in. Ẹ̀dọ̀ mi ṣì dára, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ò ní in, wọ́n gba abẹ́rẹ́ nígbà tí mo bí wọn. Bàbá wa kékeré náà yọ́ lọ ṣe tiwọn ní Kàbà, wọn ò sọ ohun tó jáde fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sìYàgbà · Ọjọ́ Àìkú, 8:44 alẹ́

Ẹ kú ewu, ẹ kú ìtọ́jú. Mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ márùn-ún. Ẹni kẹfà ńkọ́?

ỌmọOwé · Ọjọ́ Àìkú, 8:51 alẹ́

Àbíkẹ́yìn wa ni, ó wà ní Ìsánlú, ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù méje. Ó ní nǹkan kan ò ṣe òun. Ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ni mo máa wọ̀ lọ bá a.